Iná Àfikún Wo Ló Yẹ Píkáàpù Yín? Bí A Ṣe Ń Yan Iná Kùrukùru àti Iná Ọ̀nà Oko

Bí ọyẹ́ bá ti ń yọjú ní oṣù kọkànlá báyìí ni ìbéèrè yìí máa ń dé: “Ọ̀gá rìwáyà, mo fẹ́ so iná mọ́ Hilux mi, èwo ni kí n rà?” Ẹni tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ṣakí bèèrè, ẹni tó ń gba òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè kọjá ní ìdájí bèèrè, ẹni tó kàn fẹ́ kí ọkọ̀ òun lẹ́rù lójú náà bèèrè. Iná kan náà kò lè bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi nọ́ńbà wáàtì tó wà lára páálí sílẹ̀ ná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí ni kí wọ́n wò, àti ibi tí kò gbọdọ̀ bọ́ sí.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó ń lo fóòtì 12 ni mo ń bá wí níbí. Ẹ̀yin onítírélà, fóòtì 24 lẹ̀ ń lò, ẹ máa fojú sọ́nà fún ibi tí mo bá ti dárúkọ yín.

## Kí ẹ tó náwó rárá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó wá bá mi fún iná àfikún, iná iwájú ọkọ̀ wọn gan-an ló ń ṣàìsàn. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò:

1. Gíláàsì iná iwájú. Bó bá ti pọ́n bí eyín amutábà, ẹ fi sáńpépà olómi 1000 ha á, kí ẹ fi 2000 tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi pólíìṣì dán an.
2. Fóòtì tó ń dé ìdí gílóòbù. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná, ẹ fi mítà wọn orí bátìrì, kí ẹ sì wọn ìdí gílóòbù. Bí bátìrì bá jẹ́ 14 tí ìdí gílóòbù sì jẹ́ 12.6, wáyà tó ti gbó tàbí ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà lára irin ọkọ̀ padà sí bátìrì) tó ti dípẹtà ló jẹ ìyókù. Ẹ má fojú kéré ẹ̀: gílóòbù halogen (èyí tó ní òwú tó ń gbóná nínú) tí fóòtì rẹ̀ bá fi ìdámẹ́wàá dín, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a lọ.
3. Inú gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ọ̀rá àti eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn nínú máa ń mú kí iná ẹni tó ń bọ̀ fọ́nká sí yín lójú. Omi, ọṣẹ àti aṣọ mímọ́ ti tó.
4. Ẹrù ẹ̀yìn. Píkáàpù tó bá ru ẹrù á fìdí jókòó, imú rẹ̀ á gbéra, iná á wá máa wo orí igi. Ẹ tẹ orí iná náà wálẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán tí ọ̀nà ṣì ṣókùnkùn, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà.

## Ọ̀nà wo lẹ̀ ń gbà?

Iná kùrukùru, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fọ́ọ̀gì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí ẹní, kò lọ jìnnà, orí rẹ̀ sì gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì. Orí gígé yẹn ni mo ń bá yín sọ látàárọ̀. Omi wínníwínní tó so rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ ni kùrukùru. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gòkè wọ inú ẹ̀ máa ta padà sójú awakọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ bá tan fúlù nínú kùrukùru tó fi máa ń dà bí ẹni pé wọ́n ta aṣọ funfun bo ọ̀nà. Fọ́ọ̀gì gidi ń rá gba abẹ́ aṣọ yẹn lọ: etí ọ̀dà, ìlà funfun, kòtò tó wà níwájú táyà. Kì í ṣe iná eré sísá o. Ẹni tó ń wá iná tí yóò fi sá 100 nínú kùrukùru, wọn kò tíì ṣe é.

Iná tóóró, sípọ́ọ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n igun 10 lọ, ó sì ń lọ jìnnà. Ọ̀nà gígùn tí kò sí iná lójú pópó, níbi tí màlúù ti lè dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà láago mẹ́sàn-án alẹ́, ibẹ̀ ló ti wúlò. Nínú kùrukùru, kò wúlò rárá.

Iná fífẹ̀, fílọ́ọ̀dù. Ó tàn kálẹ̀ tòsí-tòsí. Ó dára fún ọ̀nà oko tó ń kọ́ bí ejò, àti fún kíkó ẹrù lálẹ́.

Light bar onílà gígùn. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ kọ́ńbò: tóóró láàárín, fífẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ó dáa lóko. Èyí tí wọ́n gbé sórí òrùlé ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú: ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ta lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì padà sójú yín, eruku àti kùrukùru ń sọ ọ́ di ògiri, ẹ̀ka igi sì ń fọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, orí bọ́ńpà ni kí ẹ gbé e sí.

Fún ẹni tó ń kánjú:

- Ọ̀nà ọ̀dà, kùrukùru àárọ̀, ọyẹ́, òjò ńlá: fọ́ọ̀gì méjì.
- Ọ̀nà oko eléruku, igbó ní ọ̀tún lósì: fílọ́ọ̀dù kékeré méjì lórí bọ́ńpà.
- Ọ̀nà gbọọrọ lálẹ́, ọkọ̀ kò pọ̀: sípọ́ọ̀tì méjì tó ń bá fúlù tàn.
- Kíkó ẹrù lóko lálẹ́: fílọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn, tí súìṣì rẹ̀ dá dúró.

Bí owó kò bá ká ju ẹyọ kan lọ, fọ́ọ̀gì ni kí ẹ rà. Kò ní dùn ún wò bíi light bar.

## Funfun àbí yẹ́lò?

Àríyànjiyàn yìí kò lè tán ní gáréèjì. Yẹ́lò kì í dá kùrukùru lu. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru tóbi ju kí ó máa ṣa àwọ̀ tí yóò dá padà. Ohun tí yẹ́lò ń ṣe ni pé ó tu ojú lára, torí kò ní àwọ̀ búlúù tó máa ń gúnni lójú. K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: tí páálí bá kọ 3000K, yẹ́lò ni. 6000K funfun ni, ó ti ń fà sí búlúù díẹ̀. Fún fọ́ọ̀gì, 3000K ni mo fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n funfun tí orí rẹ̀ gé dáadáa sàn ju yẹ́lò tó ń fọ́n sókè lọ. Èyí tí wọ́n kọ 8000K sí, ẹ fi sílẹ̀ fún alárìnjó.

## Ní ìsọ̀: ẹ má gba páálí gbọ́

Mo ti fi mítà sí ìdí light bar kan tí wọ́n kọ wáàtì 240 sí lára gàdàgbà. Fóòtì 12.5 ló wà lórí bátìrì. Áńpù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ló ń fà. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: kò pé wáàtì 55. Oníbàárà náà ti san owó 240, ó sì ti ra fíùsì ńlá dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tí wọ́n ń kọ sára páálí: ọ̀pọ̀ ìgbà, àpapọ̀ ohun tí ẹ̀rún LED lè ṣe lórí ìwé ni wọ́n kọ, kì í ṣe èyí tó jáde láti ojú gíláàsì.

Yálà Aràrọ̀mí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn lẹ ti ń rà á ni o, àbí Ládipọ̀ ní Muṣin, bí ẹ ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò nìyí:

1. Fóòtì. 10–30V túmọ̀ sí pé ó gba bátìrì kan àti méjì, onítírélà náà lè lò ó. Tí wọ́n bá kọ 12V nìkan, onítírélà, ẹ gbé e padà.
2. IP, àmì bó ṣe lè dènà eruku àti omi tó. Nínú IP67, 6 ni pé eruku kò lè wọlé, 7 ni pé ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. IP65 kò ju omi fífọ́n lọ. IP67 náà kò sì ní kí ẹ jẹ́ kí ọmọ káwọ́ọ̀ṣì ti ẹnu ẹ̀rọ omi alágbára bọ̀ ọ́ létí. IP69K ló lè fara da ìyẹn.
3. Àmì ara gíláàsì. Lẹ́tà E nínú òbírí pẹ̀lú nọ́ńbà, tí B tàbí F3 wà nítòsí rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n dán an wò gẹ́gẹ́ bíi fọ́ọ̀gì ní ìlànà Yúróòpù. Ti Amẹ́ríkà ni SAE pẹ̀lú F. Èyí tí “fog” wà lára páálí rẹ̀ tí àmì kankan kò sí lára gíláàsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fílọ́ọ̀dù tí wọ́n sọ lórúkọ mìíràn.
4. Ìwúwo. Ẹ gbé e lọ́wọ́. LED máa ń gbóná lẹ́yìn, irin alumíníọ̀mù tó ní eegun lẹ́yìn ló ń tú ooru náà jáde. Tó bá fúyẹ́ bí ike ọṣẹ, kò ní pẹ́ kú.
5. Ẹsẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín máa ń gbọ̀n lójú ọ̀nà wa, ìmọ́lẹ̀ á wá máa jó lórí ọ̀nà.
6. Ẹ tàn án. Bátìrì ọ̀kadà kan tó láti fi dánwò. Ẹ kọjú fọ́ọ̀gì sí ògiri níbi tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wo orí ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tó dá òkè dúdú àti ìsàlẹ̀ mímọ́lẹ̀ sí méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ná an. Tó bá rí róbótó bí iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ máa lọ.

Tókúnbọ̀ ńkọ́? Mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ẹ̀. Fọ́ọ̀gì ojúlówó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ irú tiyín sàn ju tuntun pọ́ọ́kú lọ, ó ń bá ihò bọ́ńpà mu, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lè ti wà lẹ́yìn bọ́ńpà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Ẹ wo inú rẹ̀ bóyá dígí ẹ̀yìn ti ṣí bó, bóyá omi ti wọlé, bóyá etí tí wọ́n fi ń dè é ti kán.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: ẹ má ki gílóòbù LED bọ ilé fọ́ọ̀gì tí wọ́n ṣe fún halogen. Dígí ilé yẹn mọ ibi tí òwú halogen wà; LED kì í jókòó síbẹ̀ gẹ́lẹ́, orí gígé yẹn á sì bàjẹ́.

## Ìṣirò kékeré

Ẹ fi fóòtì pín wáàtì, áńpù ló máa jáde. Halogen 55 méjì jẹ́ 110; ẹ fi 12 pín in, ó di áńpù 9 ó lé díẹ̀. Wáyà 2.5 mm², fíùsì 15. LED wáàtì 20 méjì kò pé áńpù mẹ́rin: wáyà 1.5 mm² àti fíùsì 7.5 ti tó. Fún onítírélà, áńpù á dín sí ìdajì. Fíùsì gbọ́dọ̀ ju ohun tí iná ń fà lọ díẹ̀, kí ó sì kéré sí ohun tí wáyà lè gbé. Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́, kì í ṣe iná.

Ẹ má lo wáyà ilé. Mo mọ̀ pé ó wà nílẹ̀, ó sì dà bíi pé ó nípọn, ṣùgbọ́n irin kan gbọn-ín ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, gbígbọ̀n ọkọ̀ á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà níbi tí ojú kò ti lè rí i. Wáyà ọkọ̀ olówùú púpọ̀ ni kí ẹ rà.

## Bí a ṣe ń so ó

1. Ẹ tú orí bátìrì, ẹ̀gbẹ́ dúdú ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ.
2. Ẹ fi ilé fíùsì sára wáyà pupa tó ń bọ̀ láti bátìrì, kó má jìn sí bátìrì ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ẹ má tíì fi fíùsì sínú rẹ̀. Wáyà tó wà ṣáájú fíùsì kò ní olùṣọ́. Bí ara ọkọ̀ bá ha rọ́bà rẹ̀ bó, iná ló máa sọ.
3. Ẹ mú rìléè ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, áńpù 30 tàbí 40. Òun ló ń gbé iná ńlá nígbà tí súìṣì kékeré bá pàṣẹ fún un. Nọ́ńbà wà nídìí rẹ̀: 30 ń gba iná láti bátìrì nípasẹ̀ fíùsì, 87 ń lọ sí iná, 86 ń gba àṣẹ láti súìṣì, 85 ń lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, 87a ni ti àárín, ìgbà tí súìṣì wà ní pípa ni òun ń tàn. Ẹni tó so iná mọ́ ọn yóò jí bá bátìrì tó ti kú.
4. Ẹ yan ibi tí súìṣì yóò ti gba iná. Ti fọ́ọ̀gì, ẹ mú un lára wáyà pákìnláìtì. Ti sípọ́ọ̀tì, ẹ mú un lára wáyà fúlù, kó lè jẹ́ pé bí ẹ bá ti já a sí dímù fún ẹni tó ń bọ̀, sípọ́ọ̀tì náà á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là.
5. Kí ẹ tó gé wáyà fúlù, ẹ fi tẹ́sítà wò ó. Àwọn Toyota àtijọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ẹ̀tì ni súìṣì wọn ti ń já iná. Nírú wọn, 86 ni ẹ ó so mọ́ wáyà tí iná ń wá sí gílóòbù, 85 lọ sí wáyà fúlù. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa tẹ súìṣì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
6. Fún ẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ọ̀dà títí irin funfun yóò fi yọ, ẹ fi bóòtì de etí wáyà mọ́ ọn, kí ẹ fi gíríìsì pa á lórí.
7. Ẹ ti wáyà gba inú páìpù oníwọ́kọwọ̀kọ, kó jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì àti fáànù. Ibi tó bá ti gba inú irin wọ kébù, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà létí ihò náà.
8. Ẹ fi irin pọ́npọ́n fún ojú wáyà pọ̀, kí ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Kí á lọ́ ọ pọ̀ kí á we tépù dúdú mọ́ ọn, àwa rìwáyà fẹ́ràn ìyẹn jù, èmi náà ti ṣe é rí. Ooru ẹ́ńjìnnì á yọ́ gọ́ọ̀mù tépù náà láàárín oṣù díẹ̀.
9. Ẹ fi fíùsì sí i, ẹ dá orí bátìrì padà, dúdú ni kó kẹ́yìn. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà látòkè délẹ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Bó bá jó yín lọ́wọ́, wáyà kéré.

## Ibi tí yóò jókòó àti bí a ṣe ń tọ́ ojú rẹ̀

Ìsàlẹ̀ iná iwájú ni fọ́ọ̀gì ń gbé, láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 80 láti ilẹ̀. Bó ṣe wà nísàlẹ̀ tó ló ṣe dáa tó, bí òkúta ò bá sáà ti ní fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé lójoojúmọ́ àti afẹ́fẹ́ táyà tó pé, kó kọjú sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 25, ìyẹn mítà méje ààbọ̀.
2. Ẹ wọn gíga àárín fọ́ọ̀gì láti ilẹ̀. Ẹ lẹ tépù sára ògiri ní gíga yẹn.
3. Ẹ lẹ tépù kejì ní ínǹṣì mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀.
4. Ẹ fi aṣọ bo fọ́ọ̀gì kan, ẹ yí èkejì títí orí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fi jókòó sórí tépù ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì.

Sípọ́ọ̀tì rọrùn: kó kọjú tààrà síwájú, kí àárín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí tépù tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ní gíga sípọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo ń tún ṣe lójoojúmọ́

- Súìṣì láìsí rìléè. Gbogbo áńpù mẹ́sàn-án ló ń gba inú súìṣì kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ike rẹ̀ á yọ́. Òórùn rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́.
- Fíùsì jó, wọ́n fi bébà sìgá tàbí wáyà tín-ín-rín dí i. Fíùsì tó jó ń jábọ̀ ni. Ẹ wá ibi tí wáyà ti ń kan irin.
- Iná púpọ̀, alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì) kékeré. Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí éásì (AC) ń ṣiṣẹ́, tí iná mẹ́fà ń tàn, bátìrì ló ń san owó náà.
- Rédíò ń hó bí iná bá tàn. LED pọ́ọ́kú ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ mú wáyà rẹ̀ jìnnà sí wáyà eriali. Bí kò bá dáwọ́ dúró, iná náà ni kí ẹ pààrọ̀.
- Títan iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń lọ nínú kùrukùru. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ rìwáyà, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín rò pé ẹ dúró ni, kò sì ní mọ ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yà. Dímù àti fọ́ọ̀gì ló yẹ.

## Ọ̀rọ̀ òfin

Ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ mọ́ iná ọkọ̀ wà lára ohun tí FRSC ń mú èèyàn fún, nítorí náà ẹ fi ìdérí bo light bar bí ẹ bá wọ ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ sì pa fọ́ọ̀gì nígbà tí ojú ọ̀nà bá ti là. Iná pupa àti búlúù tó ń kọ mànà, ẹ má so ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain, ìwé Highway Code ní kí ẹ pa fọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ bá ti ń ríran dáadáa; bí ẹ kò bá rí ju mítà 100 lọ níwájú ni ìgbà tí ẹ lè tàn án.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní lójú ọ̀nà, ẹ mú sípánà, kí ẹ tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iná mọ́lẹ̀, kí ẹ sì padà síwájú ògiri yẹn pẹ̀lú tépù. Kòtò ti máa ń yí i díẹ̀. Bí òjò bá sì ti pa á lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo inú gíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì: bí ẹ bá rí ìrì nínú rẹ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á nígbà tí rìsíìtì ṣì wà lọ́wọ́.